Kọ̀ǹpútà Ló Yàn Mí

Kò pẹ́ tí a sin ọkọ mi tí ọmọbìnrin kan fi wá bá mi láti Àgbowó, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀, níbi tí mo ti ń ta abọ́ ike. Mo rò pé ó wá kí mi kú ará fẹ́ra kù ni. Mo ti ń múra ẹkún sílẹ̀, torí àlejò a máa fẹ́ kí opó sunkún, àfi bó ṣe kúnlẹ̀ tó ní, “Màmá, kọ̀ǹpútà ló yàn yín.”

Mo bi í pé kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi opó ṣe.

Ó rẹ́rìn-ín. Ìwádìí ló ń ṣe ní yunifásítì, bí wọ́n ṣe lè fi ọkọ̀ akẹ́rù oníbátìrì rọ́pò àwọn tó ń tú èéfín nígboro. Ó ní ìṣirò kan wà fún ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, kí bátìrì má baà kú sórí òkè Mọ́kọ́lá. Òmíràn wà fún àwa ènìyàn: tí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí gbogbo ọjà, ta ni ká kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Ẹgbẹ́ àwa oníṣọ́ọ̀bù ti gbà á láyè láti wo Wásáàpù wa. Kò ka ohun tí a kọ, ó ní ìyẹn kò tọ́. Ẹni tó ń dá ẹni lóhùn nìkan ló ń wò. Èmi ni wọ́n ń dá lóhùn jù. Tí mo bá lè kó àwọn oníṣọ́ọ̀bù jọ kí wọ́n gbà láti máa fi ọkọ̀ náà kó ọjà, ọkọ̀ oníbátìrì àkọ́kọ́ máa wá sí àdúgbò wa, ọmọ mi ló sì máa wà á.

Ìyẹn ló mú mi. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi, òun náà sì wà lórí Wásáàpù ẹgbẹ́. Òun ló ń kó ọjà wa láti Ring Road nínú ọkọ̀ dísẹ̀lì kan tí èéfín ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ó wúkọ́ títí ó fi gbẹ. Dókítà ní èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Kí iyẹ̀pẹ̀ ibojì rẹ̀ tó gbẹ, àkọ́bí wa ti wà nídìí ọkọ̀ yẹn, mo sì ti ń gbọ́ ikọ́ láti yàrá rẹ̀. N ò lè sin méjì.

Mo wá kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Àdó lọ́jọ́ Sátidé. Mo se ìrẹsì. Mo to àga. Èmi àti ọmọbìnrin náà jókòó títí ìrẹsì fi tutù. Alága ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé òun wà níbi òkú. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ ráyè parọ́.

Ọmọbìnrin náà ní ó ya òun lẹ́nu. Ó tọrọ fóònù mi, kí òun ka ohun tí wọ́n ń kọ sí mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ̀yìn bàbá á dára. Ẹni tó máa ń bá ọkọ mi jà lórí ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí ló kọ èyí tó gùn jù. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé mi. Òkú ni wọ́n ń kí.

Ó yọ ìgbà ọ̀fọ̀ náà kúrò nínú ìṣirò. Lórí kọ̀ǹpútà, àmì róbótó kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì so àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pọ̀. Àárín ni mo wà tẹ́lẹ̀, okùn bò mí. Ó tẹ nǹkan kan, mo sì bá ara mi létí lọ́hùn-ún, pẹ̀lú okùn kan ṣoṣo.

“Ta ló wà ní òpin okùn yẹn?” ni mo bi í.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà náà sókè. Èmi ni mo bá a kà á parí. Nọ́ńbà ọkọ mi ni.

Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá.” Ní báyìí, wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà lọ sí àdúgbò Challenge, ìṣirò ti yan ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọmọ mi ṣì ń wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Láàárọ̀ tí ikọ́ náà bá le, mo máa ń gbé fóònù, n kì í sì mọ ẹni tí màá pè.