Ẹni Tó Ní Kí N Fún Òun Lómi ní Oko-Akarè

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn. Ojúmọmọ lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú mi méjèèjì ló sì rí i. Mi ò mu ẹmu, mi ò sùn. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè rẹ ènìyàn tó tí àárẹ̀ á fi jókòó tì í, kó máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ni mo máa ń tún ṣe, Adja-Ouèrè ni mo sì ń gbé. Lọ́jọ́ náà, mo ti ṣiṣẹ́ ní Massè láti ìdájí, ẹ̀yìn ń dùn mí, oorun ni mo ń fẹ́. Ni Ìyá Sàídì, opó kan ní Oko-Akarè, bá ránṣẹ́ pè mí pé ẹ́ńjìnnì tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń gbóná, ó sì ń kú. Àwọn obìnrin abúlé ti bó ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ jọ síbẹ̀. Bí wọn ò bá rin ín lọ́jọ́ náà, yóò bàjẹ́, wọn ò sì ní gbé ẹ̀gẹ́ wá bá a mọ́. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló sì ń bọ́ ọ.

Ẹ́ńjìnnì náà dàgbà jù mí lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi kan tó gbó sí etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni olóògbé ọkọ rẹ̀ ti yọ ọ́ rà. Omi ọ̀sà ló máa ń fà kí ara rẹ̀ lè tutù. Nígbà tí kò sí ọ̀sà ní Oko-Akarè, ọkùnrin náà mọ táńkì síméntì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi rọ́bà dúdú ńlá kan so wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n dáadáa ni. Èmi àti ẹ̀ ò pàdé rí láyé.

Mo tú pọ́ńpù, kò sí ohun tó ya níbẹ̀. Mo yọ ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń ṣí tí omi bá gbóná, mo sè é nínú ìkòkò, ó ṣí. Bẹ́líìtì le dáadáa. Tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, omi ń jáde. Tí mo bá jẹ́ kó sáré kó lè rin ẹ̀gẹ́, omi á dá. Mo tú u, mo tún un tò, títí ó fi sú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹkún ló kù.

Ọ̀sán pọ́n gangan. Àwọn obìnrin ti lọ jẹun nílé, Ìyá Sàídì ti lọ kírun. Ó wá ku èmi nìkan.

Ni mo bá gbọ́ ikọ́.

Bàbá kan jókòó sétí táńkì. Ó ró aṣọ mọ́dìí, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn mọ́lẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ó ní òjìji. Ní àkókò yẹn, òjìji tèmi gan-an, abẹ́ bàtà mi ló wà. Mo kí i, ó nawọ́ sí rọ́bà ńlá náà.

"Rọ́bà yẹn ni," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀yìn rẹ̀ dára, inú rẹ̀ ló ti bó. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Mo rò pé ẹni tó ń tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Inú tilẹ̀ bí mi díẹ̀, ta ló fẹ́ kí àgbà jókòó ti òun kó máa júwe iṣẹ́? Ṣùgbọ́n mo mú ọ̀bẹ, mo gé rọ́bà náà. Òótọ́ ni. Awọ inú rẹ̀ ti bó, bí ẹ́ńjìnnì bá ti fà á gan-an, awọ náà á pa dé bí ọ̀fun ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì.

Mo ń wá rọ́bà mìíràn nínú àpò mi nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, fún mi lómi."

Ìgò omi mi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Epo kún ọwọ́ mi, ó sì ti rẹ̀ mí. Àlejò là ń fún lómi; lójú tèmi, èmi ni àlejò, òun ni onílé. Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá, omi wà nínú táńkì. Ẹ bù ú níbẹ̀."

Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i tó bẹ̀rẹ̀ sórí táńkì. Nígbà tí mo fi de rọ́bà tán tí mo gbórí sókè, kò sí ẹnì kankan. Oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán ló yí ibẹ̀ ká, adìẹ ò lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má rí i.

Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ tutù, wọ́n rin gbogbo ẹ̀gẹ́ tán. Nígbà tí Ìyá Sàídì gbé oúnjẹ wá fún mi, mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń tẹ ikùn mọ́lẹ̀ yẹn. Ó ní kí ni bàbá náà sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti omi. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

Ó ní wọ́n la ọkọ òun níkùn ní ilé ìwòsàn, dókítà sì ní wọn ò gbọdọ̀ fún un lómi lọ́jọ́ náà. Láti àárọ̀ ló ti ń bẹ òun. Òun tẹ̀ lé ohun tí dókítà sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó dákẹ́.

Ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé ó mu?"

Mo ti rí i tó bẹ̀rẹ̀ sórí táńkì. Mi ò rí i kó mu. Ìbá rọrùn kí n purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á.

"Màmá, mi ò mọ̀."

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé igbá omi sétí táńkì lójoojúmọ́. Mo máa ń wò ó tí mo bá lọ síbẹ̀. Omi inú rẹ̀ kì í dín. Bẹ́ẹ̀, tí ọ̀sán bá pọ́n, mo ṣì ń gbọ́ ikọ́ yẹn, ìyá náà ń gbọ́ ọ, a kì í wo ojú ara wa.

Omi ò lọ́tàá, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ fún òun lómi lọ́sàn-án gangan, kò sí bó ṣe lè rẹ̀ yín tó, ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má júwe táńkì fún un. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi gbé e fún un, kí ẹ sì dúró wò ó títí á fi gbé e mì.