Ìyá Tí Mo Sá Sóòrùn

Bí dókítà ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe é, síbẹ̀ ẹbí pè mí lẹ́jọ́.

Ìyá mi ni eegun ìbàdí àti itan ń dùn, débi pé ẹni méjì ló ń fà wọ́n dìde lórí àga. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń rò ó pé bóyá wọn ò ní lè dá dìde mọ́ láyé wọn. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, dókítà sì ní fítámì Dí ni kò tó lára wọn. Ó kọ oògùn, ó wá ní kí wọ́n máa jókòó sóòrùn, kí oòrùn kan apá àti ẹsẹ̀ wọn láìsí aṣọ níbẹ̀. Ó ní awọ ara fúnra rẹ̀ ló ń ti ara oòrùn ṣe fítámì yìí, òun ló sì ń jẹ́ kí eegun rí oúnjẹ tirẹ̀ gbà nínú ohun tí a ń jẹ. Awọ dúdú bíi tiwa a máa fẹ́ àkókò díẹ̀ sí i. Oòrùn tó bá sì gba gíláàsì fèrèsé kọjá, kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Mo rẹ́rìn-ín. Àìtó oòrùn, ní Ùsì ìlú wa níbí. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Àwa ọmọ la ní kí wọ́n má lọ sóko mọ́. A kọ́lé fún wọn, a fi kọ́tìnnì tó nípọn sí fèrèsé, a ra bùbá alápá gígùn lóríṣiríṣi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kàwé kì í jókòó sóòrùn. Inú ilé là ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí àwo tí a fi pamọ́ de àlejò.

Bí a ṣe délé ni mo gbé àga síta. Ìyá mi jókòó, wọ́n ká apá bùbá sókè. Mo ní kí n wọlé mu omi. Kí n tó jáde, aránṣọ òdìkejì ilé wa ti gbé wọn, àtàga àtènìyàn, sábẹ́ máńgòrò, ó ń fi etí gèlè fẹ́ wọn. Ó bi mí pé ṣé mi ò rí i pé oòrùn ń pa ìyá mi ni. Nígbà tí mo tún gbé wọn jáde, ọlọ́kadà kan tí kò mọ̀ wá rí dúró, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ wọn. Mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Àwọn obìnrin ìjọ náà wá gbàdúrà fún eegun wọn. Wọ́n yí wọn ká tìtaratìtara, òjìji gbogbo wọn sì bo ìyá mi láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹnìkan ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà. Ó pè mí tìbínú tìbínú, ó ní wọ́n ní mo sá ìyá àwọn sóòrùn bíi kòkó. Mo bi í pé kí ni òun ń lò fún eegun tirẹ̀ lóhùn-ún. Ó ní hóró fítámì Dí ni, torí kò sí oòrùn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ṣáà gbé ìyá wọlé, ojú ń ti òun.

Ọ̀rọ̀ kòkó tó sọ yẹn ni ìyá mi gbọ́ láti inú fóònù mi tí wọ́n fi rọ́gbọ́n dá.

"Wá kòkó wá," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá ń ṣọ́ kòkó, uṣẹ́ ló ń ṣe. Ìsí ni á gbé mi wọ ulé? Kò sẹ́ni náà."

Mo lọ yá àpò kòkó kan lọ́wọ́ ìbátan wa ní Ìlógbò. Kòkó náà ti gbẹ tán. Síbẹ̀ a ń sá a lójoojúmọ́, a ń kó o wọlé nírọ̀lẹ́. Ìyá mi jókòó tì í, ìró wọn dé orúnkún, apá wọn síta. Aránṣọ kí wọn kú iṣẹ́. Ọlọ́kadà fun fèrè kọjá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún oṣù mélòó kan, kí ẹbí tó gbọ́ pé mo fi ìyá aláìsàn ṣọ́ kòkó. Wọ́n pé jọ sábẹ́ máńgòrò, olórí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Mo ń ṣàlàyé fítámì, wọ́n ń mi orí. Ibẹ̀ la wà tí ewúrẹ́ fi wọ inú kòkó.

Ìyá mi dìde. Kò sẹ́ni tó fà wọ́n. Wọ́n fọwọ́ ti apá àga, wọ́n nàró, wọ́n rìn lọ bá ewúrẹ́ náà, wọ́n sì sọ bàtà lù ú. Mi ò mọ̀ bóyá oògùn ni, tàbí oòrùn, tàbí ewúrẹ́. Omi kàn bọ́ lójú mi.

"Ẹ tún wò ó," ni olórí ẹbí wí, "ó tún ń fi ìyá rẹ̀ lé ewúrẹ́."

Wọ́n dá mi lẹ́bi. Wọ́n ní kí n ra agbòòrùn ńlá fún ìyá mi kíákíá. Mo fẹ́ fèsì, ìyá mi ṣíwájú mi.

"Ẹ jẹ́ ó rà á," ni wọ́n wí. "Mo ti ń wá ọ̀pá tí mo máa fi lé ewúrẹ́."

Mo rà á. A ò tíì ṣí i rí.