Wáyà Tí Mo Wé Ní Ọjọ́ Méje

Òórùn àbẹ́là tó ń yọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kì í ṣe ohùn gìtá náà. Àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì ni, àwọn ìdí tó kù lórí pẹpẹ lẹ́yìn ìsìn, tí ọkọ mi máa ń kó bọ̀ nínú àpò sùtánà rẹ̀. A máa ń yọ́ wọn nínú agolo mílíìkì lórí sítóòfù, òórùn wọn á dàpọ̀ mọ́ ti kẹrosíìnì àti ti pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé ní Òkìtìpupa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkọ̀yà, ogun abẹ́lé kò sì tíì parí pẹ́ nígbà náà. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àbẹ́là, inú á ti bí mi kí n tó mọ ohun tó ń bí mi nínú.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ó mọṣẹ́, mi ò ní tìtorí ìbínú fi ìyẹn dù ú. Òun ló kan gbogbo bẹ́ńṣì inú ìjọ aládùúrà tí à ń lọ, òun náà ló ń ta gìtá onígi fún àwọn akọrin. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin bá ti gbé orin sókè, tí agogo àti àtẹ́wọ́ bá wọ̀ ọ́, gìtá rẹ̀ kì í ju kí èèyàn máa rí ìka tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó wá rí gìtá oníná lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ olórin kan tí wọ́n wá ṣeré nílùú lópin ọdún, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ó ní ohun tí èèyàn fọwọ́ ṣe, òun náà á fọwọ́ ṣe é. Èmi, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ kan ni mo gbé wọ ilé ọkọ, ìyá mi ló rà á fún mi láti inú epo pupa tó ṣe fún odidi ọdún méjì ní Iyansan. Sùtánà ni mo ń rán jù, nítorí kò sí ọmọ ìjọ tí kò nílò rẹ̀.

Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa nìyẹn, mi ò tíì lóyún rí. Ìwọ náà mọ bí òfin ìjọ ṣe rí nígbà náà: obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìjọ títí ọjọ́ méje á fi pé. Ìyá ọlọ́mọ tí wọn kò bá rí, wọ́n lè ní ara ọmọ rẹ̀ ni kò yá, tàbí pé ó lọ sóko. Èmi kò ní ibì kankan tí mo lè sá sí. Oṣooṣù tí àyè mi bá ṣófo lórí bẹ́ńṣì, gbogbo ìjọ ló ń mọ̀ pé ibi tí mo wà ní èṣí ni mo ṣì wà. Bí a bá wá pàdé lọ́jà, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á dáhùn o, ìyàwó," ojú wọn á sì ti balẹ̀ sí ikùn mi kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ọkọ mi ní tirẹ̀ á kàn ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ sùtánà rẹ̀, á jáde. Èmi ni mo fọ sùtánà yẹn o, èmi ni mo lọ̀ ọ́.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo oṣù mẹ́rin lórí gìtá náà. Pákó àfàrà ló fi gbẹ́ ara rẹ̀, ìrókò ló fi ṣe ọrùn. Ó gé sípóòkù kẹ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó tò ó sí ọrùn náà ní ìdábùú, etí rẹ̀ ló sì fi ń wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Á tẹ okùn mọ́ irin, á ta á, á sún irin náà díẹ̀, á tún ta á. Egungun màlúù tó bọ́ nínú ọbẹ̀ wa ló fi fáìlì ha, tó fi gbé okùn sókè lórí. Nígbà tí okùn ga jù, ìka rẹ̀ ń bó. Nígbà tó sì ha egungun náà jù, okùn ń gbọ̀n mọ́ irin, ó ń dún bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, ni ó bá tún ní kí n se ẹran eléegun mìíràn. Ọbẹ̀ mẹ́ta ni a jẹ nítorí egungun kan.

Inú gìtá náà ló ti wá kàn mí. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ti ṣàlàyé fún un pé òòfà ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ okùn, kí wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí sì wé e ká ní àìmọye ìgbà. Ìyẹn ni yóò gbọ́ okùn, tí yóò sì gbé ohùn rẹ̀ lọ sínú rédíò. Ọkọ mi yọ òòfà lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ó sì tú wáyà nínú rédíò ògbólógbòó kan. Ó fọwọ́ wé e, ó já. Ó tún un wé, ó tún já. Ọwọ́ káfíńtà ti le jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó já lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú.

"Kí lo mọ̀ nípa gìtá?" ló bi mí.

"Mi ò mọ gìtá," mo dá a lóhùn. "Òwú ni mo mọ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ọlọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí a fi ń wé òwú sórí bọ́bìn. Mo ní kó gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan tó máa wọ ibẹ̀ dáadáa, kó sì ti òòfà náà sí àárín rẹ̀. Mo fi àdín pa ìka méjì, mo jẹ́ kí wáyà máa gba àárín wọn kọjá, mo wá ń yí ọwọ́ máṣíìnì jẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ ìsọjí ni, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ sí ìjọ, nǹkan oṣù mi sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí ìsọjí bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ká ní òfin gbà mí láàyè ni, ìdí àdúrà ni ǹ bá wà, gìtá yẹn kì bá sì dún láéláé. Mo ń fi orin ìjọ ka iye ìgbà tí wáyà yí po, torí bí mo bá ka nọ́ńbà, ọkàn mi á ṣáko lọ. Wáyà já lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ mi. Mo so ó, ọkọ mi fi òjé jó ojú rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ ń dùn mí láti sọ ọ́. Lọ́sàn-án, ọkọ mi máa ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ wá sílé. Á jókòó sílẹ̀ níwájú mi, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé wáyà tó kù dání kó má baà lọ́ pọ̀, á máa mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Bí mo bá wojú rẹ̀, ìka mi ló ń wò. Ọdún mẹ́ta ni mo lò nílé ọkùnrin yẹn, ọjọ́ méje yẹn nìkan ló wò mí láìwá ohun tí mi ò ní.

Ní ọjọ́ keje, a rì í bọ inú àbẹ́là yíyọ́ kí wáyà má baà máa gbọ̀n nínú ibi tó wà. Nígbà tó tutù, ó kàn án mọ́ abẹ́ okùn, ó ti wáyà rẹ̀ bọ ihò tó wà lẹ́yìn rédíò oníbátìrì wa, ó sì ta okùn kan ṣoṣo. Ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé fi ata sílẹ̀, ó wá yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, tàbẹ́là-tàbẹ́là, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ìyàwó. Bí Bàbá wòlíì bá gbọ́ pé ọwọ́ obìnrin wà níbẹ̀, gìtá yìí kò ní wọ ìjọ." Mo gbà. Èmi náà fẹ́ kó wọ ìjọ. Ó tó mi pé àwa méjèèjì mọ̀.

Ọjọ́ ìkórè ló gbé e lọ. Ó ti kùn ún ní funfun, ó ń dán. Nínú ìjọ wa, ohunkóhun tó bá máa súnmọ́ pẹpẹ, wòlíì á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wòlíì gbé ọwọ́ lé gìtá náà, ó bèèrè lójú gbogbo ìjọ bóyá ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣe é, bóyá kò sí ọwọ́ obìnrin níbẹ̀.

"Kò sí ọwọ́ obìnrin níbẹ̀, Bàbá," ni ọkọ mi wí. Èmi jókòó jẹ́ẹ́ láàárín àwọn obìnrin. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí nìyẹn, ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá bá wọn jó lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ojú ìjọ ti dùn mọ́ ọn. Ó yí padà sí ọ̀dọ̀ wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí tó wà nílé mi, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Ọwọ́ tèmi ti mú nǹkan jáde. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun náà mú nǹkan jáde."

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ dá a lóhùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá tó jókòó tì mí fọwọ́ gbá mi léjìká, bí ẹni tó ń ki ọmọdé láyà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìdúró.

"Bàbá, ọwọ́ mi ló wé wáyà tó wà nínú gìtá yẹn. Lórí máṣíìnì mi ni. Ọ̀sẹ̀ ìsọjí tí ẹ kò rí mi, òun ni mò ń ṣe."

Wòlíì ní, "Kí ló dé tí a ò rí ọ lọ́sẹ̀ ìsọjí?"

"Nǹkan oṣù mi ni mò ń ṣe, Bàbá. Gbogbo yín lẹ mọ̀. Gbogbo yín lẹ máa ń kà á."

Wòlíì gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá náà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó ní kí ọkọ mi gbé e jáde fúnra rẹ̀, wọ́n sì bu omi àdúrà wọ́n iwájú pẹpẹ. Wọ́n ní kí èmi náà jáde. Mo rìn gba àárín bẹ́ńṣì tí ọkọ mi kàn, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo rí ojú ọkùnrin yẹn tó ti rẹ̀ wálẹ̀, inú mi sì dùn dé ìsàlẹ̀.

Mo ti múra pé yóò nà mí. Kò nà mí. Nígbà tó wọlé, ó gbé gìtá náà lé orí máṣíìnì mi, ó ní, "Gbà. Ọma rẹ rè é." Ọmọ ló ń wí, bí a ṣe ń pè é nílé wa. Ó jáde, ó sì lọ sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ìgbájú tó lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀ ọ́n.

Ní àárọ̀, mo di ẹrù mi. Mo tú ìṣó tó di inú gìtá náà mú, mo fa ohun tí mo wé jáde, tàbẹ́là-tòòfà. Mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ, mo gé wáyà náà láàárín, mo gé e, mo tún un gé, títí ó fi di ìdọ̀tí lórí ẹní. Mo tẹ́ ara gìtá náà sórí ibùsùn, òkú funfun. Igi jẹ́ tirẹ̀, mo fi igi sílẹ̀ fún un. Mo gbé máṣíìnì mi rù, mo wọ mọ́tò Ìrẹ̀lẹ̀, mo sì bá a dé Iyansan. Ìyá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọma mi, sọ ẹrù kalẹ̀," ló wí.

Mo fẹ́ ọkọ mìíràn, mo bí ọmọ méjì, mo ránṣọ títí ojú mi fi bàìbàì. Èmi àti ọkùnrin yẹn kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú, mi ò sì dárí jì í. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ìjọ ló yẹ kí n kábàámọ̀. Rárá. Bí wọ́n bá gbé mi padà síbẹ̀ lónìí, màá tún un sọ, màá sì pariwo ju ti ìgbà yẹn lọ. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: nípa ti sísọ́ọ̀sì ni mo ń wí. Mo rò pé òun ni mò ń gé. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni, owó ń wọlé fún un, kò pẹ́ tó fi ra gìtá mìíràn, ó sì tà á títí ó fi darúgbó. Èmi ni mi ò ní òmíràn. Tí mo bá sọ fún àwọn ọmọ mi pé èmi ni mo wé ohun tó jẹ́ kí gìtá oníná kan dún ní Òkìtìpupa láyé ìjọ́un, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ tún ti dé." Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn wọ́n.