Igi Ọ̀dán Inú Ògiri Saruli

Ẹni tó bá gba ọ̀nà òkè abúlé Dhurola kọjá nísinsìnyí, òdìkejì ọ̀nà ló máa ń rìn tó bá ti dé ilé Saruli. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn ilé náà ló yọ ikùn síta, tí wọ́n fi igi mẹ́ta tì. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé abúlé yìí. Ojú mi ló ṣe púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyókù, ẹnu Saruli ni mo ti gbọ́ ọ.

Saruli kì í ṣe ọmọ orí òkè. Ìsàlẹ̀, ní ilẹ̀ gbígbóná Bhabar, ni wọ́n bí i sí, níbi tí igi ọ̀dán ńlá tó ń sọ gbòǹgbò sílẹ̀ láti orí ẹ̀ka ti pọ̀ débi pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn onígbàjámọ̀ ti ń fárí fún ènìyàn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí Dungar Singh, ọmọ ogun, fẹ́ ẹ wá sókè. Kò pẹ́ tí ọjọ́ tí òṣùpá kì í yọ nínú oṣù Jeth, oṣù ooru tó ṣáájú òjò, pé. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìyàwó ilé ló ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń yí igi ọ̀dán po, tí wọ́n ń we òwú mọ́ ọn kí ẹ̀mí ọkọ wọn lè gùn. Saruli wẹ̀, ó wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó bèèrè ibi tí igi wà. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dán kì í hù ní Dhurola, òtútù ń pa á. Àwòrán igi ni wọ́n ń yà sórí ìwé, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n sì ń fi òwú kọ́ sára rẹ̀.

Khimuli, ìyá ọkọ rẹ̀, sọ fún un pé ìwé náà ló gbé ọkọ tòun dé ọgọ́rin ọdún.  Ṣùgbọ́n lóṣù yẹn gan-an ni wọ́n ń kó ọkọ Saruli lọ sí ẹnubodè, níbi tí yìnyín ti ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀ láàyè. Saruli ní òun ò lè fi ìwé dènà ikú.

Ó ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì fi èso ọ̀dán pupa ránṣẹ́ sí i. Hóró inú rẹ̀ kò ju aṣáà lọ. Ó fọ̀ ọ́ nínú omi, ó da èyí tó léfòó nù, ó fọ́n ìyókù sórí bíríkì tó ti lọ̀, tó pò mọ́ koríko tútù tó máa ń bo ara àpáta. Kò fi erùpẹ̀ bò ó, nítorí hóró kékeré bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Lọ́dún kìíní, kò sí èyí tó hù. Lọ́dún kejì, méje hù, òtútù sì pa méjèèje lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́dún kẹta ló wo gbogbo ilé láti wá ibi tó móoru jù. Níhìn-ín, ìsàlẹ̀ ilé ni màlúù ń gbé, ènìyàn ń gbé òkè. Ihò kan wà nínú ògiri ilé màlúù náà, lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n ń gbé fìtílà sí. Èémí màlúù kì í jẹ́ kí ibẹ̀ tutù. Ó gbé ìkòkò amọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀kan hù, ó sì dúró.

Ọjọ́ tó yọ ewé kẹrin ni Saruli we òwú àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Obìnrin wa kì í pe orúkọ ọkọ, nítorí náà ohun tó sọ fún igi náà ni pé, “Bí ìwọ bá wà, òun náà wà.” Khimuli gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ọ̀rọ̀ yẹn lè yíjú padà bù ọ́ jẹ.”

Nígbà òtútù ọdún náà, yìnyín ya lu àgọ́ àwọn ọmọ ogun. Mẹ́ta kú, Dungar yọ. Láti ìgbà yẹn, obìnrin kankan ò ya igi sórí ìwé mọ́ ní Dhurola. Ilé màlúù Saruli ni gbogbo wọn ń rọ́ wá pẹ̀lú òwú wọn.

Lọ́dọọdún ni Khimuli ń sọ fún un pé kó gbé ìkòkò náà síta bí ooru bá ti dé. Ó ní ọ̀dán kì í gbé inú ilé. Ilé ló máa ń gbé inú ọ̀dán. Saruli á ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òtútù ò tíì lọ tán. Títí ìyá náà fi kú, ọ̀sẹ̀ yẹn ò dé. Lọ́dún keje, Saruli fẹ́ gbé ìkòkò náà láti gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kò gbé. Gbòǹgbò ti gba ìdí ìkòkò jáde, ó ti wọ àárín òkúta. Ògiri tiwa, òkúta la ń tò léra, amọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Kò síbi tó dùn mọ́ ọ̀dán tó bẹ́ẹ̀. Saruli sì mọ̀ pé ẹni tó gé ọ̀dán, bí ẹni tó pànìyàn ló rí. Ó ti ilẹ̀kùn, kò sì sọ fẹ́nì kankan.

Igi náà gba fèrèsé yọ síta. Nígbà tí Dungar fẹ̀yìn tì, tó padà wálé, yàrá tó wà lókè igi náà gan-an ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń sùn nígbà ayé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò pa dé mọ́. Ìyẹ̀pẹ̀ ń dà sínú tíì. Ní ìrúwé tó kọjá yìí, màlúù kọ̀, kò wọ ìsàlẹ̀ ilé mọ́. Wọ́n nà án títí, ó kàn ń wo ògiri ni.

Wọ́n pe Bachi Ram, ẹni tó ń mọ ògiri fún gbogbo agbègbè yìí. Ó fi òòlù kan òkúta, ó gbé etí lé e.

“Ọ̀gá sójà, ẹ má sùn lókè yìí mọ́.”

“Ibo ni kí n wá sùn?” ni Dungar fèsì. “Lórí ẹ̀ka igi?”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Igi ló fọ́ ògiri yìí, igi náà ló sì dì í mú báyìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án kí n tó dé. Mo níṣẹ́ lódìkejì odò. Tí mo bá dé, màá fi igi ti ògiri, màá tú u lókùúta lókùúta, ká tó gé igi náà. Kí òjò tó dé ni o.”

Saruli ní kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ òwú kọjá ná. Dungar gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òwú náà, bí àwọn obìnrin ṣe ń we òwú mọ́ igi, àwa ọkùnrin wà ní ilé tíì. Ẹnì kan bèèrè lọ́wọ́ Dungar bóyá oúnjẹ ni ìyàwó rẹ̀ ń bù fún un àbí ajílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun àti igi ti di ọ̀kan. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Dungar gbé ife sílẹ̀, ó sì lọ sílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú àáké. Saruli dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é.

“Bàbá Nandi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bachi Ram dé.”

“Ìyá Nandi, ogún ọdún ni mo fi dúró níwájú ìbọn. Wọ́n ní òwú ló gbà mí.”

“Kí wọ́n máa wí. Àwọn tó ń wí ò ní bá mi ṣe opó.”

“Kúrò lọ́nà.”

Ó kúrò. Àáké méje ni Dungar sọ. Oje funfun ń ṣàn sára ẹsẹ̀ rẹ̀, igi wó síta pẹ̀lú òwú tuntun lára. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fọwọ́, ó mu tíì, ó sì jókòó sí gbangba kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Òjò dé lọ́jọ́ kẹta, ó yá ju bó ṣe yẹ lọ. Inú òjò náà ni Bachi Ram dé. Nígbà tó rí kùkùté igi, ó ṣí fìlà. Ó ti igi mẹ́ta mọ́ ògiri.

“Gbòǹgbò tó kú máa jẹrà,” ó ní. “Bó bá ṣe ń jẹrà ni ògiri á máa tú. Mi ò lè ṣí òkúta kan ṣoṣo nínú òjò yìí. Ẹ kó jáde.”

Dungar ní ọmọ ogun kì í sá fún kùkùté. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo ní kó wá sùn nílé ìwé. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ tún rẹ́rìn-ín ni. 

Saruli ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tú òwú kúrò lára igi tó wó, gbogbo òwú ọdún wọ̀nyí, èyí tó ti dúdú àtèyí tó ṣì pupa. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ wá sáàárín ti ọkọ rẹ̀ àti ògiri. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, á so orí òwú kan mọ́ ọwọ́ Dungar, á so èkejì mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ìyẹn wà fún.

“Tí ikú bá wá mú un,” ó ní, “kí n lè jí.”

Ọjọ́ kọkànlélógún òjò nìyí. Kí n tó lu agogo ilé ìwé láràárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wo òkè bóyá èéfín ń jáde lórí òrùlé wọn. Ó jáde láàárọ̀ yìí. Bachi Ram ní ọ̀kan nínú igi mẹ́ta náà ti ń tẹ̀.