Ọ̀sán Pọ́n ní Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ Funfun

Aṣọ ìyàwó nìkan ni télọ̀ tí a ń pè ní Abẹ́rẹ́-ò-sùn máa ń rán, funfun báláú sì ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kankan kò fi gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí epo kán sí aṣọ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Tíì tó kún fún ṣúgà ló máa ń dúró mu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ju súìtì sẹ́nu, á tún padà sídìí ẹ̀rọ.

Èmi tí mo ń gẹ irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Láàárọ̀, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ọ̀sán bá pọ́n, yáa jìnnà sí i.

Ọ̀sán náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá a ṣẹ́ etí aṣọ, máa ń dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá wọlé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?" Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n á ti máa gbọ̀n, ẹkún á ti máa gbọ̀n ọ́n, kò sì mọ ìdí. Lọ́jọ́ Sunday tó máa ń wà nílé, tí àbúrò kì í wá, ara rẹ̀ á yá gágá. Ó rò ó títí, ó gbà pé àbúrò òun ló ń fà á.

"Tí o bá ti wọlé báyìí, ayé máa ń sú mi," ló sọ fún un. "Má wá mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan! Má ṣáà wá mọ́."

Ọmọ náà kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lọ. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n gé oníbàárà mi létí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán pọ́n. Àga àbúrò ṣófo, ẹkún náà sì dé. Ó sáré jáde wá bá mi.

"Onígbàjámọ̀, kò kúkú sí níbẹ̀ mọ́. Kí ló wá ń ṣe mí?"

Kí ni mo mọ̀? Mo ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́, mo sì gbé abọ́ náà fún un kó lè dákẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

"Ṣé ebi lásán ni?" ló bi mí. "Ṣé ebi lásán ló jẹ́ kí n lé ọmọ ìyá mi?"

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun," ló ń wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mo ti jẹun, àbúrò mi. Máa bọ̀."