Oúnjẹ Tí Kò Ní Edé

Mo ń fi búrẹ́dì nu ẹ̀gbẹ́ abọ́ ẹ̀wà àgànyìn mi nígbà tí fóònù dún. Ìsọ̀ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ kò jìnnà sí géètì yunifásítì ní Ìyànà-Ìbà, iwájú ìsọ̀ náà gan-an ni obìnrin ẹlẹ́wà máa ń gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ sí lọ́sàn-án. Ẹni tó pè mí ni Mọ́mì onírẹsì, ìyá àgbà kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ilé ìwé ọmọ mi ní Okokomaiko. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọbìnrin mi máa ń jókòó sí dè mí bí ilé ìwé bá ti jáde.

Wọn ò kí mi. Mọ́mì tí kì í dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè ọkọ, iṣẹ́ àti ara, wọn ò kí mi rárá.

“Ìyàwó, ojú ọmọ yìí ń wú o. Má fòyà. Ó ń jáde lára ẹ̀ ni.”

Mo béèrè ohun tó ń jáde. Wọ́n ní nǹkan ilé bàbá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ohùn wọn, mo ń gbọ́ àwọn obìnrin kan tó ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pe Jésù, mo sì ń gbọ́ ikọ́ kan láàárín ariwo náà, ikọ́ gbígbẹ, kúkúrú. Mo mọ ikọ́ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí.

“Mọ́mì, kí lẹ fún un jẹ?”

“Mọ́ínmọ́ín.”

“Ṣé edé wà nínú ẹ̀?”

“A ti gbàdúrà sí i kó tó jẹ ẹ́.”

Mi ò fọwọ́. Epo àgànyìn wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe sáré sọdá títì, tí mo ń sọ sínú fóònù pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, kí wọ́n má dúró dè mí. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí àwọn bá gbé e kúrò nídìí àdúrà báyìí, ohun tó ń jáde yóò padà wọlé ni. Lẹ́yìn náà ni fóònù já. Mo tún pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo kó sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, mo ní kí awakọ̀ má dúró gbé èrò mìíràn, pé ọmọ mi ni. Ọkùnrin náà wo ojú mi nínú dígí rẹ̀, ó sì tẹná mọ́ kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ edé ṣe di ọ̀rọ̀ àdúrà.

Yàrá kan ni à ń gbé ní ọ̀nà Ọ̀tọ̀-Àwórì. Bàbá ọmọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè-Ọya, ó lè pẹ́ kó tó darí wálé. Bí mo bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ti ń pa ọmọ, àárẹ̀ sì ti mú èmi náà. Fún èèyàn méjì péré, kí n ra gáàsì, kí n ra tòmátò àti òróró, ó wọ́n ju kí a jókòó sí búkà lọ. Bí èmi àti ọmọ mi ṣe di ẹni tó mọ búkà nìyẹn, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà.

Lẹ́nu ọ̀nà Ìbà Housing Estate, ìyá kan láti Ìjẹ̀bú ń ta ìrẹsì òfadà nínú ewé. Ata tútù ló fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀, ó ń fi irú sí i, ó ń gé pọ̀nmọ́ wẹ́wẹ́ sí i, epo rẹ̀ á sì léfòó sókè. Ata yẹn ju agbára ọmọdé lọ, nítorí náà ẹyin àti ìrẹsì ni ọmọ mi máa ń jẹ, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ gbóòórùn ewé náà kó tó fi ṣíbí kàn án. Ní Okokomaiko, Àlàájà kan láti Ọ̀yọ́ ń ta ẹ̀gbo àti ẹ̀wà láàárọ̀; ẹ̀gbo náà rọ̀ dáadáa, abọ́ kan á gbé ọmọ dé ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn onídùndú á jókòó ní Ìyànà-Ìbà, iṣu á gbóná nínú bébà, wọ́n á da ata sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀wà àgànyìn iwájú ìsọ̀ mi ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé epo, ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà nìkan ni obìnrin yẹn fi ń dín ata rẹ̀ títí á fi dúdú. Mo ti dúró tì í rí níbi tó ti ń dín in. Mo ti dúró ti gbogbo wọn.

Ó nídìí. Nígbà tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, mo fún un ní ẹ̀fọ́ rírò ní búkà kan. A ò tíì délé tí ètè rẹ̀ ti wú, tí ojú rẹ̀ dí, tí ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní edé tó wà nínú ẹ̀fọ́ ló fà á. Ó ní ara àwọn ọmọ kan kò gbà á, pé bó bá tún jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ lè dí pátápátá. Ó ní kí n ṣọ́ra fún ṣíbí tí wọ́n bá fi ro ọbẹ̀ elédé pàápàá.

Ẹ lọ sọ ìyẹn ní búkà kí ẹ rí i. Mo máa ń ṣàlàyé pé edé kì í bá ọmọ mi lára mu, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan béèrè bóyá Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti bí i. Òmíràn fi ìka ṣa edé kúrò nínú ọbẹ̀ lójú mi, ó tún gbé abọ́ náà padà fún mi, ó ní òun ti yọ ọ́, kí n jẹ́ kí ọmọ jẹun. Ní ọjọ́ kan tó rẹ̀ mí, mi ò ṣàlàyé kankan mọ́. Mo kàn ní, “Èèwọ̀ ilé bàbá ẹ̀ ni.”

Obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún wa lọ́jọ́ náà sọ ṣíbí sílẹ̀ bí ẹni pé iná wà lára rẹ̀. Ó fọwọ́, ó mú ṣíbí mìíràn, ó bu oúnjẹ láti inú ìkòkò tí ṣíbí àkọ́kọ́ kò tíì kàn. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń sọ níbi gbogbo nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn mọ́. Àlàájà ẹlẹ́gbo tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bóyá edé nìkan ni, àbí wọn kì í jẹ alákàn náà. Ti Mọ́mì onírẹsì ló dára jù. Wọ́n máa ń se mọ́ínmọ́ín àwọn oníbàárà nínú ewé, wọ́n á sì se ti ọmọ mi lọ́tọ̀ nínú agolo mílíìkì, láìsí edé, láìsí pé mo rán wọn létí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ẹgbẹ́ aláàdúrà kan. Wọ́n ń gbààwẹ̀ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdílé. Bí wọ́n bá ń bu ìrẹsì fún mi, wọ́n á máa sọ pé èèwọ̀ ìdílé ni okùn tí èṣù fi ń so ọmọ mọ́lẹ̀, pé ọmọ mi kò ní wà nínú ìdè. Mo máa ń ṣe àmín. Oúnjẹ ni mo ń dúró gbà, kò sì sí ẹni tí kì í ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Mi ò ronú pé wọ́n ní nǹkan kan lọ́kàn tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀yìn ilé ìwé, mo rí ọmọ mi lórí bẹ́ńṣì, orí rẹ̀ wà lórí itan obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Ojú rẹ̀ ti di ìlà tín-ín-rín. Ètè rẹ̀ ti yọ síta. Mímí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Obìnrin mìíràn ń fi òróró àdúrà pa á lórí. Mọ́mì kúnlẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, omijé ń ṣàn lójú wọn. Àdúrà wọn kì í ṣe eré. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, nítorí ẹni tó ń ṣeré, èèyàn lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo nawọ́ sí ọmọ, Mọ́mì di ọwọ́ mi mú.

“Ìyàwó, má gbé e. Ó kù díẹ̀ kó bọ́.”

Àwọn obìnrin náà gbé ohùn sókè. Mo rí i pé bí mo bá jà, àwọn náà á jà, ọmọ á sì wà láàárín wa. Mo lóṣòó títí ojú mi fi dọ́gba pẹ̀lú ojú Mọ́mì.

“Mọ́mì, kò sí èèwọ̀ kankan. Èmi ni mo parọ́. Àìsàn ni. Ó ń pa á lọ yìí.”

Ọwọ́ wọn tú. Mi ò tíì rí ojú àgbàlagbà tó yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Mọ́mì fúnra wọn ló gbé ẹsẹ̀ ọmọ, èmi gbé orí, a sáré gbé e sínú kẹ̀kẹ́ tó ṣì ń dúró, Mọ́mì sì wọlé tẹ̀lé wa láìwọ bàtà. Ìkòkò ìrẹsì wọn ṣì wà lórí iná.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó jẹ. Mi ò tíì lanu tí Mọ́mì ti dáhùn: mọ́ínmọ́ín ni, edé pọ̀ nínú ẹ̀, àwọn ló fún un. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ ní itan, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú kó lè mí, wọ́n sì ní ká jáde. A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò gbọ́ mímí rẹ̀ mọ́ láti ibi tí mo wà, mo wá ń fẹ́ kí ikọ́ yẹn padà, kí n ṣáà lè mọ̀ pé ó ń mí. Mọ́mì jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n ká apá mọ́ra. Wọn ò gbàdúrà sókè.

Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó yọjú. Ó ní ọ̀fun rẹ̀ ti ń ṣí, pé dókítà á fẹ́ máa wò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí fọ epo àgànyìn kúrò lọ́wọ́ mi.

Mọ́mì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ò bá ti sọ fún mi. Mo bímọ, mo mọ ohun tó ń jẹ́ àìsàn.”

Mo ní mo ti sọ fún àwọn èèyàn rí, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.

“Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Síbẹ̀ inú ń bí mi, mi ò sì lè gbé e mì. Mo sọ fún wọn pé ì báà jẹ́ èèwọ̀, ì báà jẹ́ àìsàn, èmi ìyá rẹ̀ ti ní kí wọ́n má fún un. Wọ́n gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹ̀rù ìdílé ọkọ ló ń bà mí, pé mo fẹ́ kí ẹnìkan bá mi ṣe é, nítorí mo máa ń ṣe àmín. Wọ́n ní bí àmín mi ṣe máa ń dún sókè tó, àwọn rò pé mo ń bẹ àwọn ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n dìde, wọ́n yá bàtà lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀, wọ́n lọ wá ògì gbígbóná fún ọmọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, wọ́n kọ́kọ́ fún èmi wò, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n tọ́ ọ wò. Wọn ò gbé e sún mọ́ ọmọ títí mo fi ní ó dáa.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ojú ọmọ mi ti là díẹ̀. Ohùn rẹ̀ há. Ó wò mí, ó béèrè bóyá nǹkan ilé bàbá òun ti lọ.

Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì náà, mo gbé e lé itan. Mo sọ fún un pé kò sí nǹkan kan nílé bàbá rẹ̀, pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní bí ojú ẹlòmíràn ò ṣe gba èéfín, bẹ́ẹ̀ ni ara tirẹ̀ kì í gba edé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ẹ̀mí kankan. Mo ní kó tún un sọ fún mi, ó sọ ọ́: edé máa ń dí mi lọ́fun. Mo ní kó sọ ọ́ sókè, kí nọ́ọ̀sì gbọ́, ó sọ ọ́.

Ó wá béèrè pé bí Mọ́mì bá tún gbàdúrà sí i ńkọ́.

“Ṣe àmín,” mo ní, “àdúrà ò burú. Ṣùgbọ́n má jẹ ẹ́. Ẹni yòówù tó bá gbé e fún ẹ, ì báà jẹ́ èmi, sọ pé edé máa ń dí ẹ lọ́fun, kó o dìde kúrò nídìí oúnjẹ yẹn.”