Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Inú Kòtò Ngrancah

Wọ́n ní Painem gba ilẹ̀ ìjọba, ó fi ṣe oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ọjà kò débí rí, torí pé ká ní wọ́n dé Ngrancah ìlú wa lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ wọn ì bá ṣì há sínú kòtò títí di òní. Igi kan ṣoṣo ni Painem gbìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Obìnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni Painem. Tẹ́ńpè ló ń tà, ẹ̀wà sóyà tí a dì sínú ewé títí tó fi hu funfun. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé e lọ sọ́jà, agbọ̀n kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó bá dé ojú ọ̀nà Ngrancah, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò máa tì í. Bí tẹ́ńpè bá já bọ́, yóò ṣà á, yóò nù ún, yóò sì rọra bú Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tẹ́ńpè ló ń dùn ún. Ngatini ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni Ngatini ti bí àkọ́bí rẹ̀, nínú kòtò ńlá tó wà nídìí oparun. Ọmọ náà yè, Abíọ́nà tòótọ́, Margiyanto ni wọ́n pe tirẹ̀, torí pé margi ni ọ̀nà lédè wa. Ìyá rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lára rẹ̀. Agbẹ̀bí ní bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ bí èkejì, kí wọ́n má retí òun láti ṣe nǹkan kan.

Oṣù kìíní ni gbogbo wa máa ń jókòó sórí ẹní ní gbọ̀ngàn láti sọ ohun tí owó ìlú yóò ṣe. Ìwé rẹ̀ á ti wà lápò Baálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ṣùgbọ́n wọ́n á pín ìpanu: ìrẹsì tí wọ́n ki ẹran sínú rẹ̀, ẹ̀pà, omi inú ike. Ní Ngrancah, bó o bá ti jẹ oúnjẹ ẹnì kan, o ò lè kọ̀ fún un lójúkojú mọ́. Torí náà, a máa ń jẹun, a sì máa ń dákẹ́.

Painem dìde lọ́dún yẹn, ó ní ọ̀nà ni kí wọ́n ṣe. Baálẹ̀, Pak Darsono, Bàbá Darsono nìyẹn, tí inú kì í bí, tí ẹ̀wù rẹ̀ kì í sì í rún, rẹ́rìn-ín sí i, ó mi orí sókè sódò bí ẹni tó gbà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Painem sáré délé lọ sọ fún Ngatini pé ọ̀nà ń bọ̀. Ọmọ ibí ni, ó mọ̀ pé orí tí wọ́n bá mì fúnni níbí kò ju pé a ti gbọ́ ọ lọ. Ó gbàgbé, torí pé ó wù ú kó gbàgbé.

Sìmẹ́ńtì dé lóòótọ́. Ẹnubodè ìlú ni wọ́n fi kọ́, ìkẹta láàárín ọdún mẹ́fà. Àkọ́kọ́ ní òdòdó, ìkejì ní kìnnìún, èyí ní òdòdó àti kìnnìún, orúkọ Baálẹ̀ wà láàárín. Bó o bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kòtò ni yóò kí ọ káàbọ̀.

Painem gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó gbìn ín sínú kòtò ìdí oparun, kí ojú lè ti ẹni tó yẹ kó tì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn aládùúgbò ti gbin tiwọn sínú kòtò mẹ́wàá mìíràn. Nígbà tí àwọn ọ̀gá láti òkè wá ṣí ẹnubodè, wọ́n bi Baálẹ̀ pé kí lèyí. Baálẹ̀ nu ojú lẹ́ẹ̀kan, ó ní ètò tí àwọn fi ń mú ìlú tutù yọ̀yọ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní ife ẹ̀yẹ. Lọ́jọ́ kejì, pátákó ti dúró lójú ọ̀nà: ẹ má fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí. Ọ̀nà di ọgbà. Ta ni yóò da kọnkéré sórí ọgbà tó gba ife?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ so. Ngatini náà tún lóyún, oṣù kẹta ni wọ́n dá fún un. Nígbà tí ìpàdé oṣù kìíní tún dé, Painem gé odidi ìdì kan lára igi tirẹ̀, ó dín in, ó gbé e dé gbọ̀ngàn kí wọ́n tó pín ìpanu. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ fún.

“Painem, èyí mà dùn o,” ni Baálẹ̀ wí. “Níbo lo ti rí i?”

“Ẹ jẹ ẹ́ tán ná, Bàbá.”

Ó jẹ mẹ́ta. Nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn ń lá ìka, Painem dìde.

“Inú kòtò tí ọmọ mi bímọ sí ló ti so. Gbogbo yín ti jẹ oúnjẹ mi. Oṣù kẹta ni Ngatini tún máa bímọ. Ẹ kọ ọ̀nà sókè ìwé yẹn.”

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó mi orí.

“Ẹ má mi orí fún mi, Bàbá. Báírò ni kẹ́ ẹ mì.”

Pak Wongso, tó dàgbà jù nínú gbọ̀ngàn, wúkọ́. “Darsono, kọ ọ́ jàre. Èmi tí mo jẹ ẹyọ kan, ojú ti ń tì mí. Ìwọ jẹ mẹ́ta.”

Baálẹ̀ fa ilà sórí iná aláràbarà tí wọ́n fẹ́ so mọ́ ẹnubodè, ó kọ ọ̀nà síbẹ̀. Òróró ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìwé náà.

Sìmẹ́ńtì ìjọba kò ní dé títí di oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè jókòó nílé. Ọjọ́ Àìkú méjì ni àwọn ọkùnrin fi hú igi, tí wọ́n fi òkúta odò dí kòtò. Orí bẹ́ẹ̀dì agbẹ̀bí ni Ngatini ti bímọ, ọkùnrin, ara òun náà sì le. Nígbà tí kọnkéré dé, ó ku ogún ìṣísẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà Painem tó fi tán, torí pé wọ́n ti yọ díẹ̀ kọ́ òkúta tí wọ́n kọ orúkọ Baálẹ̀ sí.

Mo lọ ra tẹ́ńpè lọ́dọ̀ Painem lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá òótọ́ ni pé Baálẹ̀ ní kí ọmọ tuntun náà máa jẹ́ orúkọ òun.

“Òótọ́ ni,” ló wí. “Ó wá fúnra rẹ̀, ó jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn, ó ní kí n fi Darsono kún orúkọ ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo sì mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”